Fìtílà, Àtùpà, Iná: Orúkọ wo ni ó yẹ Iná Ọ̀ṣọ́ tí a so rọ̀?

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bí òwe yìí ti kan ọmọ tuntun, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kan ohun èlò tuntun tí ó bá wọ àwùjọ. Àwọn baba wa a máa wo ohun tí nǹkan jọ, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, tàbí ibi tí ó ti wá, kí wọ́n tó pè é ní ohunkóhun. Báyìí ni a ṣe ní ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfurufú àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé àwọn ọlọ́rọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ohun tí wọn yóò pè é ní Yorùbá. Òun ni àtùpà ńlá tí a so rọ̀ láti òkè àjà, tí gílóòbù púpọ̀ wà lára rẹ̀, tí gíláàsì sì ń dán yí i ká. Chandelier ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bí olùkọ́ Yorùbá ní Makutu, ní Ìsánlú ilẹ̀ Yàgbà, bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ àròkọ lórí ìgbéyàwó kan, kí wọ́n sì ṣe àpèjúwe gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe é, kí ni ọmọ yóò kọ nígbà tí ó bá gbójú sókè? Àwọn kan yóò fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn yóò fo ohun náà dá bí ẹni pé kò sí nínú gbọ̀ngàn.

Àwọn tí ó gbà pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un kò wádìí dé ìdí. Àwọn tí ó sì fẹ́ hun ọ̀rọ̀ láti inú òfìfo kò nílò láti ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀. Ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ìmọ́lẹ̀ lédè Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè náà.

Fìtílà: òwú ni kí ó tó di àtùpà

Ọ̀rọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ fún ohun tí a ń tàn lálẹ́ ni fìtílà. Bí ó ti mọ́ wa lẹ́nu tó, ọ̀rọ̀ àyálò ni. Èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Nínú èdè náà, ọ̀rọ̀-ìṣe fatala túmọ̀ sí kí a lọ́ nǹkan, bí a ti ń lọ́ òwú tàbí okùn. Láti inú rẹ̀ ni fatīla ti jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí òwú tí a lọ́ sínú àtùpà. Nínú Àlùkùránì, ní Súrà kẹrin, ẹsẹ 49, ọ̀rọ̀ tí ó bá a tan, fatīl, dúró fún fọ́nrán tín-ín-rín tí ó wà lára kóró dàbínù, láti fi hàn pé a kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

Àwọn ará Tọ́kì ṣì ń pe òwú àtùpà ní fitil títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, ó ti fẹ̀ sí i: fitila wọn kì í ṣe òwú nìkan mọ́, odindi àtùpà ni. Ìtumọ̀ tí ó fẹ̀ yìí náà ni Yorùbá ń lò. Òwú tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà ara àtùpà ni ó fi orúkọ rẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a bá sì wá sọ pé "òwú fìtílà", a ń pe òwú lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní Yorùbá àti lẹ́ẹ̀kan ní Lárúbáwá.

Ọ̀rọ̀ yìí bá ilẹ̀ Òkun mu gidigidi. Àwọn ẹ̀yà tí à ń pè ní Òkun, ìyẹn Yàgbà, Ìjùmú, Òwé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, jẹ́ ọmọ òwú. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin Bùnú a máa gbin òwú, wọn a ran án, wọn a sì hun ún lórí òfì tí ó dúró gbọọrọ. Aṣọ pupa tí wọ́n ń hun fún ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì ti sọ wọ́n di olókìkí. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ti ń lọ́ òwú. Àwo pẹrẹsẹ tàbí ìkòkò kékeré, epo pupa tàbí àdín tàbí òrí, àti òwú tí a lọ́ ti tó láti lé òkùnkùn.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà méjì ni fìtílà gbà wọ etí àwọn ará Yàgbà àti àwọn ìbátan wọn.

Èkínní ni ọ̀nà àríwá. Ilẹ̀ Òkun wà ní ìkángun àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ó sì bá ilẹ̀ Tápà pààlà. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí máa ń gba ibẹ̀ kọjá, èdè wọn sì ń bá ẹrù wọn rìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàáfíà nìkan ni ó gba ọ̀nà yìí wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Bídà kó ilẹ̀ Òkun lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ́kù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni ogun Royal Niger Company dé Kàbà, tí agbára Bídà lórí àgbègbè náà sì fọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, Lugard gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja, ilẹ̀ Òkun sì di ara ìpín Àríwá. Ìdí nìyí tí èdè ìhà àríwá fi ń ró létí àwọn Yorùbá ibẹ̀ ju bí ó ti ń ró létí àwọn ará Èkó lọ.

Èkejì ni ọ̀nà Bíbélì. Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní 1884. Fìtílà ni wọ́n lò nínú ìtàn àwọn wúńdíá mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n dé orí ohun èlò oníwúrà tí ó ní ẹ̀ka méje nínú àgọ́ Mósè, ọ̀pá fìtílà ni wọ́n pè é. Ní 1908, Tommy Titcombe, ajíhìnrere ẹgbẹ́ SIM, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, àwọn tí ó gba ẹ̀sìn náà sì kọ́ ìwé kíkà nínú Bíbélì Yorùbá. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu àwọn Mùsùlùmí wá ṣe jókòó sínú ìwé àwọn Kristẹni, tí kò sì sí ẹni tí ó bi í pé níbo ni ó ti wá.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ lè fà yọ nìyí: ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe àbùkù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ọ̀rọ̀ náà gba ohùn Yorùbá, kí ó sì bá àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣiṣẹ́ pọ̀. Fìtílà ṣe bẹ́ẹ̀. A ń tan án, a ń pa á, a ń rọ epo sí i, a sì ń gbé e lé ọ̀pá.

Àbẹ́là àti àwọn ìbátan chandelier

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ti òkèèrè wá ni àbẹ́là. Àwọn onímọ̀ èdè so ó mọ́ vela tí àwọn Potogí ń pe irú iná bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá kò ní ìró v, nítorí náà b ni ó gba ipò rẹ̀. Vela fúnra rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí kí a má sùn, kí a máa ṣọ́nà. Ohun tí a ń tàn nígbà àìsùn ni àbẹ́là láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ náà kò jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Chandelier wá láti èdè Faransé, nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àbẹ́là. Faransé sì mú un láti inú candela ti Látìnì. Candela yìí kan náà ni ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, tí wọ́n fi sọ ọ́ di qindīl, orúkọ àtùpà tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n so rọ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Íjíbítì àti Síríà ṣe irú àtùpà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì aláwọ̀ mèremère, wọ́n sì kọ ẹsẹ 35 nínú Súrà kẹrìnlélógún, tí ó ń sọ nípa Ìmọ́lẹ̀, sí ara ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Lárúbáwá bá lè yá ọ̀rọ̀ kan náà láìtijú, kò yẹ kí ojú ti ọmọ Yorùbá nítorí fìtílà àti àbẹ́là. Kò sì yẹ kí ó rò pé ọgbọ́n ńlá kan ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ohun náà lórúkọ. Ohun tí ń gbé àbẹ́là dúró ni orúkọ náà ń sọ, gílóòbù ni ó sì wà lórí rẹ̀ lónìí dípò àbẹ́là.

Àtùpà olójú púpọ̀

Ó wá ku ohun tí ó jẹ́ ti Yorùbá gan-an. Ìlú Òṣogbo ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ní ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun tí ó máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ, wọ́n a máa tan àtùpà kan tí a ń pè ní Àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún. Irin ni wọ́n fi ṣe é, ó dúró gíga, àwọn ibi tí a ń bu epo àti òwú sí lára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Yóò máa jó láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àtáọ́ja àti àwọn ènìyàn rẹ̀ a sì máa jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Igbó Ọ̀ṣun tí ọdún náà rọ̀ mọ́ wọ inú àkọsílẹ̀ UNESCO gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé ní 2005.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ àtùpà náà dáadáa. Wọn kò pè é ní àtùpà mẹ́rìndínlógún, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni. Wọn kò pè é ní àtùpà ẹlẹ́ka. Ojú ni wọ́n kà. Ibi tí iná ti ń jáde lára àtùpà ni Yorùbá pè ní ojú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ojú iná. Láti inú orúkọ yìí ni ìlànà kan ti hàn kedere: bí àtùpà kan bá ní ju iná kan lọ, a óò ka ojú rẹ̀, a óò sì sọ pé olójú mẹ́ta ni, olójú mẹ́fà ni, tàbí olójú púpọ̀.

Àtùpà Òṣogbo dúró nílẹ̀ ni, kò rọ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n àṣà síso àtùpà rọ̀ pàápàá kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó dé sí apá ilẹ̀ Áfíríkà yìí. Ní Bìní, tí ìtàn ìjọba rẹ̀ wé mọ́ ti Ifẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ṣe àtùpà tí a ń fi ẹ̀wọ̀n so kọ́, pẹ̀lú ọnà lára rẹ̀. Irú wọn wà lára àwọn iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ nígbà tí wọ́n fọ́ ìlú náà ní oṣù kejì ọdún 1897, oṣù kan péré lẹ́yìn tí ogun Royal Niger Company dé Kàbà. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jẹ́ ẹ̀bùn láti òkè òkun yẹ kí ó rántí ohun tí a kó kúrò ní ààfin Bìní.

Láti epo dé wáyà

Nígbà tí kẹrosíìnì dé, ó bá ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Àtùpà tí a fi agolo ṣe, tí àwọn obìnrin ń gbé síwájú ọjà wọn lálẹ́, fìtílà náà ni. Èyí tí ó ní gíláàsì àti ọwọ́, tí a lè fi kọ́ ara ìṣó, di láńtánì. Èyí tí a ń fún ní atẹ́gùn, tí ó ń hó yaa níbi òkú àgbà àti ìgbéyàwó, ni àtùpà gáàsì. Ohun tí ó ń jẹ tàbí ibi tí ó ti wá ni orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí.

Ìyípadà tí ó tóbi jù ni ti iná mànàmáná. Thomas Edison ṣe gílóòbù tí ó ṣeé lò pẹ́ ní 1879. Ní oṣù kejìlá ọdún 1882, Edward Johnson, ẹni tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, so ọgọ́rin gílóòbù kéékèèké, pupa, funfun àti àwọ̀ aró, mọ́ igi Kérésìmesì kan ní ilé rẹ̀ ní New York. Ibẹ̀ ni iná Kérésì tí a mọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1950 dá ilé-iṣẹ́ ECN sílẹ̀. Ìsédò Káínjì lórí odò Ọya, odò kan náà tí ó ṣàn kọjá Lọ́kọ́ja, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin àwọn ọdún 1960. NEPA gba ipò ECN ní 1972, PHCN rọ́pò rẹ̀ ní 2005, ìjọba sì ta ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ fún àwọn aládàáni ní 2013.

Gbogbo orúkọ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kọjá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi gba ohun náà kò yí padà. Iná ni. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun tí ó ń se ọbẹ̀, tí ó sì ń jó oko, ni a fún ohun tí ó ń gba inú wáyà. A ń sọ pé iná dé, iná lọ, wọ́n mú iná. A ṣì ń "tan" iná nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí a ṣáná sí. Iná tí oòrùn ń fún ní agbára, tí ó ti wọ ọ̀pọ̀ abúlé lónìí, náà ń jẹ́ iná. Èdè tí ó lè ṣe èyí kò tòṣì.

Orúkọ tí ó yẹ

Nísinsìnyí, a lè padà sínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó náà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí kò yẹ kí a dà pọ̀. Kọ́ ni kí a fi nǹkan há ara ìṣó tàbí ìkọ́, bí a ti ń fi láńtánì kọ́ ògiri. So ni kí a fi okùn tàbí ẹ̀wọ̀n dè é. Rọ̀ ni kí ohun náà wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí a so ó mọ́, kí ó má kan ilẹ̀. Àtùpà ńlá inú gbọ̀ngàn ni a so, tí ó sì rọ̀. Àtùpà àsorọ̀ ni, a sì lè ka ojú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Makutu lè kọ ọ́ báyìí: "Àtùpà àsorọ̀ olójú méjìlá kan wà láàárín gbọ̀ngàn náà." Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé yóò gbọ́ gbólóhùn yìí, yóò sì mọ ohun tí ọmọ náà rí.

Ti àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tí a tò sára wáyà gígùn yàtọ̀. Wọn kì í ṣe àtùpà kan olójú púpọ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn ni wọ́n rí. Iná ọ̀ṣọ́ ni orúkọ tí ó bá wọn mu jù, nítorí pé ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe kí a fi wọ́n ríran. Bí ó bá jẹ́ ti oṣù kejìlá, irú èyí tí ilé ìfowópamọ́ Zenith fi ń ṣe òpópónà Ajose Adeogun ní Èkó lọ́ṣọ̀ọ́, iná Kérésì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ tí ń ṣe máàkì ṣe sùúrù. Bí ọmọ kan bá kọ fìtílà àsorọ̀, tí òmíràn kọ àtùpà àsorọ̀, àwọn méjèèjì ni ó gbà á. Ẹni tí ó ṣàpèjúwe ohun náà ní gbólóhùn kan tí ó yé ènìyàn náà kò pàdánù. Ọmọ tí ó fò ó dá ni a kò tíì ràn lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ju àtùpà lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Òkun, tí Yorùbá wà láàárín ọ̀pọ̀ èdè mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Kogí láti ìgbà tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1991, iye wákàtí tí ọmọ yóò fi gbọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ ti kéré tẹ́lẹ̀. Bí wákàtí náà bá wá ń kọjá, tí ọmọ sì ń kọ́ pé ohun tí ó lẹ́wà, ohun tí ó dán, ohun tí ó wà lókè, kò ní orúkọ ní èdè ìyá rẹ̀, ohun tí yóò kù fún èdè náà kò ní ju ohun ìdáná àti ohun oko lọ.

Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Bákan náà ni àìlórúkọ kò mọ ohun ọ̀wọ̀: ohun tí a kò bá lè pè, a kò lè fi han ẹlòmíràn. Àwọn tí ó lọ́ òwú sínú epo, àwọn tí ó gba fìtílà lọ́wọ́ àlejò tí wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn, àti àwọn tí ó ka ojú àtùpà Òṣogbo dé mẹ́rìndínlógún, ti fi ohun èlò sílẹ̀ fún wa. Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n gbójú sókè nínú gbọ̀ngàn èyíkéyìí, kí wọ́n ka ojú ohun tí ó rọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì pè é ní orúkọ.